Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà: Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí À Ń Wá Ilé Rà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tó bá rìn láti Tákíè lọ sí Ọjà Jagun, tó ń wo ara ògiri bó ṣe ń lọ, yóò ka "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ" lọ́pọ̀ ìgbà kó tó rí ibi tí wọ́n kọ "ilé títà" sí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, n ò sì fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn rí, àfi ìgbà tó kan èmi náà láti wá ilé rà.

Oṣù kìíní ọdún 2022 ni baba onílé wa pè wá sí pálọ̀ wọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́: àkọ́bí wọn ń kó bọ̀ láti Èkó tìyàwó tọmọ, ibi tí à ń gbé ni wọ́n máa wọ̀ sí. Wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́fà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ mi ní, "Ìyá Tóbi, ẹ jẹ́ ká má háyà mọ́. Ká ra tiwa." Mo rò pé kí oṣù mẹ́fà náà tó pé, a ó ti rí i. Ó lé ní ọdún méjì kí a tó rí i, yàrá méjì nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Kìnnìrá la sì fi ṣe ilé ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwa àti ọmọ mẹ́ta.

Mo ń kọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan ń wá ilé báyìí tí ẹ̀rù ń bà á bó ṣe bà mí nígbà náà, pé bí òun ò bá tètè mú eléyìí, òun ò ní rí òmíràn. Ìbẹ̀rù yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo owó wa lọ́wọ́ wa.

Ilé pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ tà ni kò pọ̀. Àárín ìlú, ilé ẹbí ló kún ibẹ̀. Bàbá kọ́ ọ, bàbá ti kú, àwọn ọmọ jogún rẹ̀ pa pọ̀, kò sí ẹnìkan tó lè dá sọ pé tòun ni. Iwájú ilé tàbí inú yàrá ni wọ́n sì sin bàbá sí, ta ni yóò ta ibojì bàbá rẹ̀ mọ́ ilé? Ní ìhà LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ẹ̀wẹ̀, láti Under-G dé Adéníkẹ̀ẹ́, ilé tó bá jáde, àwọn tó fẹ́ sọ ọ́ di ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ti dé ibẹ̀ kí ẹ tó gbọ́. Mo rántí ọdún 2016 sí 2017 tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí yàrá ṣófo káàkiri, tí àwọn onílé fúnra wọn ń wá ayálégbé. Nígbà yẹn, a ò ní owó. Ní ìparí ọdún 2020 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan, àríyànjiyàn Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun lórí ẹni tó ni ín sì parí. Lójú tèmi, láti ìgbà náà ni àwọn onílé àgbègbè yẹn ti di ilé wọn mú gírígírí. Símẹ́ńtì tún wá dá kún un. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, tí àpò kan kọjá ₦10,000 ní ibi púpọ̀, ẹni tó ní ilé ti mọ̀ pé owó yòówù tí òun bá gbà lórí rẹ̀ kò ní kọ́ òmíràn.

Àwọn ènìyàn bi wá pé kí ló dé tí a ò ra ilẹ̀ ká máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì yẹn náà ni ìdáhùn. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan bẹ̀rẹ̀ ilé lọ́dún 2015, kò tíì kan páànù.

Owó wa kò ju mílíọ̀nù mọ́kànlá náírà lọ: èyí tí ọkọ mi rí nínú ìsọ̀ spare parts rẹ̀ ní Sábó, àti èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa olùkọ́ yá mi, ìlọ́po méjì owó tí mo ní lọ́dọ̀ wọn. A lọ bi báǹkì bóyá wọ́n lè yá wa sí i lórí ilé. C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Nínú gbogbo ilé tí a ti wò, ẹyọ kan ò ní i.

Àwọn àgéńtì gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa títí ó fi sú mi. Ilé kan náà ni àgéńtì mẹ́ta mú wa lọ wò lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì pè é, torí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi tirẹ̀ lé tẹni tó fi iṣẹ́ rán an. Ohun tí mo wá máa ń bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ bá onílé sọ̀rọ̀, àbí ẹlòmíràn ló sọ fún yín?" Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a ò tẹ̀lé e mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù ni ti ilé kan ní ọ̀nà Arówómọlẹ̀. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀ tó tóbi, kànga nínú ọgbà, igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àbọ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo ti ń rí ibi tí màá gbé àga ìyá mi sí. Àkọ́bí bàbá tó kọ́ ọ ló ń tà á, òun àti àbúrò rẹ̀ méjì, wọ́n sì fi ìwé àtijọ́ bàbá wọn hàn wá. Sàréè bàbá náà wà níwájú ilé, wọ́n fi táìsì funfun bò ó. Àgéńtì ní ẹnìkan láti Àbújá fẹ́ san owó ní ọjọ́ Jímọ̀. Ọjọ́ Ajé la wà. Kíá la fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà di ilé mú.

Mo tẹ ìyá mi láago láti ròyìn fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ìyàwó mélòó ni bàbá wọn fẹ́?"

N ò mọ̀. A ti wo òrùlé, a ti wo kànga, a ti wo ìwé, kò sí ẹni tó béèrè ìyẹn nínú wa. Ní ọjọ́ kejì mo padà lọ sí àdúgbò náà, mo ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ màmá kan tó ń tà á lójúde tó kọjú sí ilé náà, mo sì béèrè. Ìyàwó mẹ́ta. Ọmọ mẹ́sàn-án. Ọmọ ìyàálé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń tà á. Màmá ẹlẹ́kọ ló fi ọ̀nà ọmọ ìyàwó kẹta hàn wá, obìnrin tó ń ta aṣọ ní Ìlọrin. Nígbà tí a pè é, tí a ṣàlàyé, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ilé wo?"

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni owó ènìyàn ti máa ń wọmi jù. Tí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, àṣà wa ni kí ogún rẹ̀ di ti ọmọ gbogbo, tọkùnrin tobìnrin. Ìdí igi ni wọ́n máa ń fi pín in, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Kí wọ́n tó pín in, ti ẹbí ni. Lọ́yà tí a lọ bá lẹ́yìn náà là á yé wa: bí olórí ẹbí bá ta ohun ẹbí láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdí igi yòókù fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì yí títà náà padà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ló tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí títà kankan níbẹ̀ rárá. Ìwé tí wọ́n fi hàn wá lè jẹ́ ojúlówó. Orúkọ òkú ló wà lórí rẹ̀, òkú kì í sì í fọwọ́ síwèé. Lọ́yà ní kí a béèrè ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń yan àwọn tí yóò máa bójú tó ohun-ìní ẹni tó ti kú. Wọn ò ní i.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fà sẹ́yìn. Bùọ̀dá àkọ́bí bínú, wọ́n ní a fẹ́ dá ogun sílé àwọn. Àgéńtì ní a bà á lọ́jà jẹ́. Ó gbà wá ní oṣù méje kí a tó rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ogún gbà padà nínú owó wa. Ẹni Àbújá yẹn sì wà lóòótọ́. Ó san owó, ó kó símẹ́ńtì wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé máńgòrò. Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ilé náà wà ní kóòtù, wọ́n sì ti kọ "kì í ṣe títà" sára ògiri. N ò mọ ọ̀gbẹ́ni náà, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ń ṣe mí gan-an nígbàkigbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá, torí àwa la kù díẹ̀ kí a jẹ́.

Nípa sàréè: bí ẹ bá rí i níwájú ilé tí ẹ fẹ́ rà, ẹ má tijú àtisọ ọ́. Ṣé wọ́n máa hú u lọ ni, àbí ẹ máa jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wọlé wá ṣe ìrántí lọ́dọọdún? Ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí, kó wọ inú ìwé àdéhùn. Mo mọ ìdílé méjì tí ọ̀rẹ́ wọn bàjẹ́ lórí pé ẹni tó ra ilé fi ilẹ̀kùn ńlá dí ọ̀nà ibojì.

Ilé kejì tó wù wá, ayálégbé mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra ilé ti ra ayálégbé mọ́ ọn, ẹni tó sì ń san owó ọdọọdún, oṣù mẹ́fà ni òfin sábà máa ń fún un kó tó jáde. Nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ mi ń sùn lórí ẹní nínú pálọ̀. A ò lè dúró oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí a bá ti san owó tán. A fi í sílẹ̀.

Bíríkìlà tó ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún fẹ́ǹsì ṣe ló mú wa dé ibi tí a rà. Mo gbà yín nímọ̀ràn tọkàntọkàn pé kí ẹ sọ fún bíríkìlà, fún kápẹ́ńtà, fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga, pé ẹ ń wá ilé. Àwọn ló máa ń gbọ́ tí onílé bá sọ pé òun ò ní tún èyí ṣe mọ́, pé òun fẹ́ kó lọ. Àgéńtì kì í tíì gbọ́ nígbà yẹn.

Ó ní màmá kan wà. Ó mú wa débẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ rí lára ògiri ni "ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ," ọdà pupa. Mo fẹ́ padà. Ó ní, "Ẹ kanlẹ̀kùn ná, Ìyá Tóbi." Màmá ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kan ló ti mú oníbàárà wá wo ilé nígbà tí wọ́n lọ gba ìtọ́jú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́. Owó gààrí tí Màmá ń tà ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Rìsíìtì ilẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún 1994, orúkọ wọn ló wà lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, ọmọ wọn obìnrin sì fẹ́ mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó kọ́ ilé wà láàyè, ó jókòó níwájú mi, ó ń fún mi lómi mu. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti rí, mi ò mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú mi.

Síbẹ̀ a ò sáré. Oṣù kẹta la lọ wo kànga, nígbà tí òjò kò tíì dé, torí kànga gbogbo ló lómi ní oṣù keje. Ọkọ mi fi ọ̀bẹ ha ìsàlẹ̀ ògiri ní kọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá amọ̀ ni wọ́n fi símẹ́ńtì bò, bílọ́ọ̀kù ni. Kápẹ́ńtà gun àjà, ikán ti jẹ igi mẹ́ta, a yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye ilé. Sọ̀féyọ̀ tún ilẹ̀ wọ̀n, ó bá mẹ́ta nínú pílà mẹ́rin tí wọ́n fi sàmì ààlà ilẹ̀, ó rí i pé fẹ́ǹsì ẹ̀yìn wọ ilẹ̀ aládùúgbò ní bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì. A pe aládùúgbò náà, a sọ ọ́ lójú Màmá kí owó tó jáde. Lọ́yà lọ sí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Àgọ́dì, Ìbàdàn, láti wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tàbí ẹnìkan ti fi í yáwó. Owó tí a san fún un dùn wá nígbà náà.

Ilé Màmá ni, àwọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ àtità, ṣùgbọ́n a bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá ṣe ẹlẹ́rìí. Èyí tó wà ní Kánò wá pẹ̀lú. Inú àkáǹtì Màmá gan-an ni owó lọ, mílíọ̀nù mẹ́wàá ó lé díẹ̀, kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Oṣù kẹrin ọdún 2024 la kó wọlé. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí irú títà báyìí, ìwé yẹn la ṣì ń lé kiri. Ọjọ́ tí Màmá ń lọ, ọkọ mi ní òun máa fi ọdà funfun kun ògiri níta. Màmá ní kó fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níbẹ̀ títí ìwé máa fi jáde lórúkọ wa. Ó ṣì wà lára ògiri.