Àwọn tó kú sí Dale

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka The Lord of the Rings, ìwé ìtàn àròsọ J.R.R. Tolkien, Minas Tirith, olú-ìlú ìjọba Gondor, nìkan ni ọkàn mi wà, mo sì fojú fo ohun tí àfikún ẹ̀yìn ìwé náà sọ nípa ogun ìhà àríwá, ní ìlú Dale. Ó dùn mí nígbà tí mo padà kà á, nítorí mo rí i pé n kò mọ ìdajì Ogun Òrùka, ìjà tí àwọn ìjọba bá Sauron, olúwa òkùnkùn, jà: ojú ogun rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan sì ń gbé òmíràn ró.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ajalèlókun Umbar, tí wọ́n ń jà fún Sauron. Kí ìjà tó dé ògiri Minas Tirith rárá, ìròyìn pé ọkọ̀ wọn ń bọ̀ ti mú kí àwọn ìjòyè gúúsù Gondor fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun wọn sílé, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wá ran olú-ìlú lọ́wọ́ kò pé 3,000. Ta ni yóò kó àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ lọ gbèjà ìlú mìíràn nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀ lórí omi wá bá aya àti ọmọ rẹ̀? Sauron ti tipa bẹ́ẹ̀ dín agbára Minas Tirith kù láìtíì yọ idà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ka ohun tí Aragorn, ajogún ìtẹ́ Gondor, ṣe ní èbúté Pelargir ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 3019 (kàlẹ́ńdà inú ìwé náà) sí ju gbígba ọkọ̀ àwọn ajalèlókun náà lọ: ó tú àwọn ará Lebennin àti Lamedon ní gúúsù Gondor sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ọ̀tá náà bá a lọ sí pápá Pelennor, níwájú Minas Tirith.

Ti Rohan, ìjọba àwọn ẹlẹ́ṣin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Gondor, kò gba àlàyé púpọ̀. Bí Saruman, oṣó tó dalẹ̀, bá ti ṣẹ́gun ní Helm's Deep, odi Rohan, àwọn ẹlẹ́ṣin 6,000 tí Théoden ọba wọn kó wá kì bá tí dé Minas Tirith.

Ẹni tó mọ ìtàn ogun Kírìjì yóò tètè lóye bí ojú ogun kan ti ń fa agbára kúrò ní òmíràn, nítorí bí Ìbàdàn ti ń dojú kọ Èkìtì Parapọ̀, bẹ́ẹ̀ ló tún ń bá Ìlọrin fà á ní Ọ̀fà, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ń dí ọ̀nà etíkun mọ́ ọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé níwọ̀n bí Òrùka, tí agbára Sauron wà nínú rẹ̀, ti jóná ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta náà, òfò lásán ni ikú àwọn ará Dale. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìparun Òrùka ló bi Sauron ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè jí ìlú tó ti di eérú dìde. Ká ní àríwá ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará Ìlà-Oòrùn, ọmọ ogun Sauron, ni, ta ni ì bá dá wọn dúró lójú ọ̀nà Rivendell, ibùgbé àwọn Elf? Gandalf fúnra rẹ̀, oṣó tó darí ìjà sí Sauron, sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí wọ́n bá ń rántí Pelennor, kí wọ́n má gbàgbé Dale.

Ní ọjọ́ 17 ni Brand, ọba Dale, kú níbẹ̀, níwájú ẹnubodè Erebor, òkè tí àwọn àràrá ń gbé. Dáin, ọba àwọn àràrá, tó ti lé ní 250 ọdún, dúró lórí òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àáké lọ́wọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ibẹ̀ ni òun náà sì kú sí. Àwọn ènìyàn wọn sá wọ inú òkè, ọ̀tá dó tì wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀tá náà kò lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ síbòmíràn. Ní ọjọ́ 27, lẹ́yìn tí ìròyìn ìṣubú Sauron dé, Bard ọmọ Brand àti Thorin ọmọ Dáin jáde pọ̀, wọ́n sì lé ọ̀tá náà kúrò ní Dale.