Òfin àti àwọn akọsákọ n'Ìbàdàn

Gẹ̀ẹ́sì ló kó abala 214 wá sínú ìwé òfin ọ̀daràn lọ́dún 1916: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin bíi tirẹ̀ lò pọ̀. Lóṣù kìíní 2014, Ààrẹ Jonathan fi tuntun kún un, ọdún 14 fún ìgbéyàwó, 10 fún ẹgbẹ́ tàbí ìfẹ́ tí wọ́n fi hàn ní gbangba.

Fóònù ni wàhálà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá á ní, "Ṣí i!" Wọ́n á ka WhatsApp, wọ́n á sì ní kí o sanwó. (Bẹ́ẹ̀ abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ìyẹn constitution, dáàbò bo ọ̀rọ̀ orí fóònù ẹni o.) Bí wọ́n bá mú ọ, abala 35 ìwé òfin kan náà ní o lè dákẹ́ títí lọ́yà á fi dé. Láàárín wákàtí 24, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ sílẹ̀ fún ọ. Kóòtù Ìyágànkú ò sì jìnnà, kò tó kìlómítà 40, nítorí náà ọjọ́ kan péré ni òfin fún wọn láti gbé ọ débẹ̀. Má fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà.