Ìdí Tí Ọkọ̀ Tí A Náwó Sí Fi Ń Já Wa Kulẹ̀ Lórí Dyno

Ẹ ti pààrọ̀ sálẹ́ńsà, ẹ ti fi fílítà ńlá sí i, ẹ ti ra ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní yóò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá gbé ọkọ̀ dé orí dyno, ìyẹn ẹ̀rọ oníróólà tí táyà ń yí kí wọ́n lè wọn agbára ọkọ̀, nọ́ńbà tó jáde lórí ìwé rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mo ti rí i lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, torí iṣẹ́ mi nìyẹn: èmi ni mo máa ń de ọkọ̀ mọ́ orí róólà, tí mo sì ń tún ètò ẹ́ńjìnnì ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ẹ̀rọ yẹn ò dáa. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé ẹ̀rọ náà sábà máa ń jàre, àti pé ìwé tó bí wa nínú yẹn gan-an ló máa ń fi ibi tí ìṣòro wà hàn, bí a bá fara balẹ̀ kà á.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn kúrò lọ́nà ná. Agbára tí ilé iṣẹ́ kọ sínú ìwé ọkọ̀, ẹnu ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kó tó kan gíà. Èyí tó dé táyà ni dyno tiwa ń wọ̀n. Gíà, bíárìn àti táyà fúnra rẹ̀ á ti jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì sábà máa ń tó ìdá 10 sí 20 nínú 100. Ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ sọ pé agbára rẹ̀ jẹ́ horsepower 200 lè gbé 170 jáde láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é. Bó bá sì jẹ́ PS, òṣùwọ̀n agbára mìíràn, ni wọ́n kọ síbẹ̀, 100 PS ò ju horsepower 98.6 lọ.

Ẹ̀rọ náà sì yàtọ̀ síra. Irú tí Dynojet fi gbajúmọ̀ ń lo róólà wúwo, ó ń wo bí ọkọ̀ ṣe ń tètè mú un yára sí. Lórí irú èyí, ríìmù ńlá tó wúwo lè fa nọ́ńbà wálẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò yí padà rárá, torí agbára la fi ń yí ríìmù náà pẹ̀lú. Èyí tó ń fi bíréèkì di róólà mú sábà máa ń ka agbára kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún wo etí ìwé dyno dáadáa, ẹ ó rí SAE tàbí STD níbẹ̀, ìyẹn ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà ṣírò ipò afẹ́fẹ́ mọ́ nọ́ńbà náà. Ìṣirò oníSAE gbà pé afẹ́fẹ́ wà ní 25°C. STD gbà pé ó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń fi nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lé e. Ọ̀rẹ́ yín tó ń yangàn pé tòun ju tiyín lọ lè má fi ohunkóhun jù yín.

Àmọ́ ooru ni mo máa ń bá pàdé jù. Ọkọ̀ kan wà tó ní turbo, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, tí ìsáré àkọ́kọ́ rẹ̀ dáa, ìkejì wálẹ̀, ìkẹta tún wálẹ̀ sí i. Ẹni tó ni ín ti ń bi mí bóyá mo fọwọ́ kan nǹkan. Mo ṣí àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà, mo sì fìka tọ́ka sí ìlà kan fún un: afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti gbóná kọjá 60°C. Fílítà tuntun rẹ̀ tó ń dán gbinrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ turbo, ooru turbo ló sì ń fà símú. Tí afẹ́fẹ́ bá fi nǹkan bí 3°C gbóná sí i, ọ́síjìn inú rẹ̀ á fi ìdá 1 nínú 100 dín. Èyí tó burú jù ni pé epo á fẹ́ máa gbiná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà. Sẹ́ńsọ̀ á gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì mú kí púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣáná kí písítìn má bàa fọ́. Ẹ́ńjìnnì ń gba ara rẹ̀ là, àwa ń pè é ní aláìlágbára! A dá àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ padà, nọ́ńbà sì gòkè. Epo tí octane rẹ̀, ìyẹn bó ṣe lè kọ̀ láti gbiná fúnra rẹ̀ sí, kéré sí èyí tí ètò náà ń fẹ́ máa ń fa irú ìṣòro yìí kan náà.

Lẹ́yìn ooru, ohun tó ń dùn mí ni bí àwọn èèyàn ṣe ń ro èrè pọ̀: fílítà á fún mi ní 10, sálẹ́ńsà 15, camshaft 20. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó fún jù lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ló ń pinnu iye tó máa kọjá. Camshaft ni irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì; èyí tó bá tóbi ń gbé agbára lọ sókè RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ó sì ń gbà á kúrò nísàlẹ̀. Bí ètò kọ̀ǹpútà ò bá jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dé òkè yẹn, àdánù nìkan lẹ rà. Bí ihò tí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ jókòó sí bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé afẹ́fẹ́ kéré, epo tó máa tú sílẹ̀ ò sì ní tó. Pọ́ńpù epo tó ti rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: gbogbo nǹkan á dáa títí dé àárín, ìlà agbára á wá ṣẹ́ lójijì lókè.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n wọn kọ̀ńpíréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ò lè fi sálẹ́ńsà di ọ̀dọ́. Ẹ yẹ àwọn rọ́bà turbo wò fún ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, kílíìpù kan tó dẹ̀ ti tó láti jẹ owó yín run.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọkọ̀ gun dyno bó ṣe wà, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan. Orí ẹ̀rọ yẹn náà ni kí ẹ padà sí, pẹ̀lú gíà kan náà, èyí tó súnmọ́ 1:1 jù (níbi tí ohun tó wọ gíà àti ohun tó jáde ti ń yí bákan náà), kí afẹ́fẹ́ táyà sì rí bákan náà. Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ ooru, epo àti àkókò iná pẹ̀lú ìwé náà. Ẹ má sì wo ṣóńṣó ìlà nìkan. Ọkọ̀ tó fi torque, ìyẹn ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan, púpọ̀ kún àárín láti 2,500 sí 4,500 RPM, tí ṣóńṣó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ti sàn gan-an, torí RPM tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn.