Ìyàngbò Ló Kún Inú Abọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, láti ọjọ́ tí ẹ ti rí fọ́tò Àkànní, ẹyẹ mi, ní èjìká mi ni ẹ ti ń bi mí bóyá ó rọrùn láti sin budgie, irú ayékòótọ́ kékeré kan. Ẹ ní ẹyẹ kékeré ni, wàhálà rẹ̀ ò lè tó ti ajá. Ohun tí èmi náà rò nìyẹn nígbà tí mo rà á, ní ọdún kejì tí mo dé Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ra ilé ẹyẹ, mo ra ọkà jéró, mo ra dígí kékeré kan, mo gbà pé mo ti parí iṣẹ́. Àdùkẹ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, awọ tó wà lókè àgógó rẹ̀, níbi tí ihò imú wà, di àwọ̀ aró. Akọ ni tirẹ̀ máa ń rí bẹ́ẹ̀ tó bá dàgbà. Bí Àdùkẹ́ ṣe di Àkànní nìyẹn.

Kí n tó mọ̀ pé akọ ni, ó kù díẹ̀ kí n pa á. Lọ́jọ́ Fúráìdè kan, mo da ọkà sínú abọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo wò ó, ó kún. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ṣì kún. Mo tilẹ̀ ń sọ fún màmá mi lórí fóònù pé ẹyẹ yìí kì í jẹun púpọ̀, pé àánú owó mi ló ń ṣe é. Nírọ̀lẹ́, ó dákẹ́, ó wú ìyẹ́ rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù, ó lọ jókòó sísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Mo ní oorun ló ń kùn ún.

Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ti ń sin ẹyẹ kí wọ́n tó bí mi, ni mo lọ pè. Kò tilẹ̀ wo ẹyẹ. Abọ́ ló gbé, ó fẹnu fẹ́ ẹ: fùú! Gbogbo ohun tó kún inú rẹ̀ fò lọ. Ìyàngbò ni. Budgie kì í gbé hóró ọkà mì bíi ti adìẹ. Àgógó ló fi ń bó o, á jẹ inú, èèpo á sì já bọ́ padà sínú abọ́. Èmi tí mo dàgbà sídìí ìyá àgbà tó ń fẹ́ èèpo kúrò lára ẹ̀wà lójoojúmọ́, mo wo ìyàngbò fún ọjọ́ méjì, mo pè é ní oúnjẹ.

Ìyá yìí ló ní kí n ra òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ọ̀pọ̀ budgie tí wọ́n ń sìn nílé kò ju gíráàmù 30 sí 40 lọ. Láràárọ̀, mo máa ń fi ṣírí jéró tan Àkànní gorí òṣùwọ̀n, mo sì ń kọ ohun tó bá kà sílẹ̀: 36, 36, 35, 36. Àwọn tí a jọ ń gbé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àfi ìgbà tí ó di 34, tó di 33, tó di 32 láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun, ó ń kọrin. Gíráàmù 4 kò tó iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé ẹni tó wọn kílò 70 tó di 62. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tó mọ ẹyẹ dáadáa (gbogbo wọn kọ́ ló mọ̀ ọ́n o), ó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, àrùn wà nínú ikùn rẹ̀. Owó tí mo san ju owó ẹyẹ lọ lọ́nà márùn-ún.

Inú ilẹ̀ gbígbẹ Ọsirélíà ni àwọn budgie ti wá. Ní 1840 ni John Gould, òyìnbó onímọ̀ nípa ẹyẹ, kó àwọn kan wá sí Gẹ̀ẹ́sì láàyè. Lọ́hùn-ún, agbo ńlá ni wọ́n fi ń fò, èyí tó bá sì fi hàn pé ó ti rẹ òun ni àṣá máa gbé. Ìdí nìyẹn tí budgie fi ń díbọ́n pé ara òun le títí agbára á fi tán. Bí ẹ bá rí i tó wúyẹ́ sísàlẹ̀, tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣàìsàn. Ẹ má dúró di Mọ́ńdè.

Wọ́n ní ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Ẹni tó pa òwe yẹn kò sin budgie rí. Ọkà nìkan ni á fẹ́ máa jẹ, ọ̀rá á sì bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Àkànní fi kọ kárọ́ọ̀tì tí mo ń rin fún un, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Píà (avocado) ò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ rárá, májèlé ni. Ṣokoléètì náà bẹ́ẹ̀.

Ilé tó fẹ̀ ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tó kàn ga. Dígí yẹn, mo ti yọ ọ́. Ó ń pọ oúnjẹ sára rẹ̀, ó rò pé ìyàwó òun ló wà níbẹ̀.

Páànù tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná lófìfo, èéfín Teflon, ohun tí wọ́n fi kun inú páànù náà, tí imú yín lè má gbọ́ rárá lè pa ẹyẹ tó wà ní yàrá kejì. Mo ti kó tèmi fún ọ̀rẹ́ mi kan tí kò ní ẹyẹ. Páànù irin ni mo fi ń dín dòdò báyìí. Ó ń lẹ̀, mo ń ha á.

Ẹni tó ní òun máa ra tirẹ̀ ní Fúráìdè yìí nínú yín, kó kọ́kọ́ ra òṣùwọ̀n ná. Àkànní wọn 36 láàárọ̀ òní.