Àyẹ̀wò ọdún 2024: oṣù tí mo rò pé àwọn oníbàárà ń bá mi ṣọ̀fọ̀

Ọdọọdún ni mo máa ń kọ èyí láàárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun, mo sì máa ń gbà á lóṣooṣù. Lọ́dún yìí, kò ṣeé ṣe. Tí mo bá bojú wẹ̀yìn, oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ nìkan ni mo ń rí. Èyí tó ṣáájú, mo ní láti ṣí ìwé owó kí n tó rántí pé mo tà, mo rà.

Ẹ ti mọ̀ pé ìyá mi, Màmá Òjé, jáde láyé ní oṣù Kẹfà. Ìlà mẹ́ta ni mo kọ nípa rẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní fi kún un lónìí. Ohun tí mi ò sọ fún yín ni ohun tó ń ṣe ọjà wa, aṣọ òkè tí à ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lásìkò kan náà.

Ní oṣù Karùn-ún, a ń kó sáìtì wa lọ síbi tí owó ọdọọdún rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ sáìtì, la fi kọ́ ọ. Nínú WordPress, ní Settings, lójú-ewé Reading, àpótí kékeré kan wà tí èèyàn máa ń fi àmì sí tí kò bá fẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ìwádìí bí i Google kó sáìtì rẹ̀ sínú àkójọ wọn. Ó wúlò nígbà tí iṣẹ́ ò tíì parí, kí àlejò má baà wọlé bá ilé tí a ò tíì kùn. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ ẹ̀rọ ìwádìí ló kù sí bóyá yóò gbọ́. A fi àmì sí i. Èmi ló yẹ kí n yọ ọ́ lọ́jọ́ tí a ṣí sáìtì tuntun. Ọsibítù ni mo wà lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá, fóònù mi sì wà ní pípa.

Àwọn ẹ̀rọ náà gbọ́. Wọn ò ṣẹ̀ wá, ohun tí a ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Kò sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí ẹ̀rọ tó ń rìn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì láti ka ojú-ewé kì í dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tó bá tún padà dé ojú-ewé kan tó sì bá noindex níbẹ̀, ìyẹn àmì tó ń sọ pé kí wọ́n má kó o sínú àkójọ, ló máa yọ ojú-ewé náà kúrò. Ojú-ewé àkọ́kọ́ ló kọ́kọ́ lọ. Ẹtù tẹ̀ lé e, àlàárì náà lọ, sányán ló kẹ́yìn. Bí Màmá ṣe ń rẹlẹ̀ nílé ìwòsàn làwa náà ń dínkù níbẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Ní oṣù Keje, ẹni mẹ́rin péré ló ra aṣọ lọ́wọ́ wa. Oṣù Keje ọdún 2023, ẹni 31 ni. Mo rí i, kò sì bà mí lẹ́rù. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ èyí fún yín: mo rò pé àwọn oníbàárà ń bá mi ṣọ̀fọ̀ ni. Mo rò pé wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ olóòkú sinmi ná. Mo tilẹ̀ dárúkọ wọn nínú àdúrà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi láti Peckham ní London, láti Houston ní Amẹ́ríkà, tí wọn ò mọ̀ bóyá mo ní ìyá.

Bàbá Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń bá wa hun aṣọ, ló là mí lójú. Ó pè mí níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ó tún kí mi kú ara-fẹ́ra-kù, ó wá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, òfì méjì ti dúró. Àwọn ọmọ tó ń hun lórí wọn ń bi mí. Ṣé aṣọ wa ò dára mọ́ ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ "aso oke for wedding" sínú Google láìfi àmì ohùn kankan sí i, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn oníbàárà mi ṣe ń tẹ̀ ẹ́. A ò sí níbẹ̀. Mo tẹ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa gan-an. A ò sí níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di aago méjì òru kí àbúrò mi tó rí àpótí yẹn. Ìṣẹ́jú kan kò pé tó fi yọ àmì náà. Ọ̀sẹ̀ bí i mẹ́wàá ló ti wà níbẹ̀.

A wọ Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ní sáìtì, a bẹ̀bẹ̀ fún àtúnkà ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe padà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, ọ̀pọ̀ ti dé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló bá àyè wọn. Sányán ṣì wà nísàlẹ̀ títí di òní.

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á. Nínú ẹni mẹ́wàá tó ra ọjà wa lọ́dún 2023, mẹ́jọ ló gba ojú ẹ̀rọ ìwádìí wọlé. Ọdún méje ni mo ti ń pè wọ́n ní oníbàárà mi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò sì ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀nà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, Adájọ́ Amit Mehta ní Washington dájọ́ pé Google rú òfin láti fi di ọba nídìí ìwádìí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìdájọ́ náà, nínú ìwádìí mẹ́wàá tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, bí i mẹ́sàn-án ló ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Àwọn tó mọ̀ nípa okòwò ńlá lè máa jiyàn lórí ìyẹn. Òfì méjì tó dúró n'Ísẹ́yìn lèmi ń rò.

Síbẹ̀, mi ò lè gbé ẹ̀rọ ìwádìí ṣépè. Obìnrin kan ní Salvador, ní Bàhíà, ra ẹtù lọ́wọ́ wa kí sáìtì tó pòórá. "Pano da costa" ló tẹ̀, aṣọ etíkun, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe aṣọ híhun tí ọkọ̀ ojú omi ń kó láti etíkun wa lọ bá àwọn èèyàn wa ní Brazil láyé ìjọ́un. Àwọn ìyá olórìṣà níbẹ̀ ṣì ń dá a bora. Ojú-ewé tí mo kọ lórí rẹ̀ lọ́dún 2021 ló rí. Mo ka lẹ́tà rẹ̀ fún Màmá ní ọsibítù. Màmá ní kí n tún un kà. Ó wá béèrè pé, "Àwọn tí wọ́n kó lọ, wọ́n ṣì ń ró o?"

Ọdún 40 ni Màmá fi tajà l'Ójé, ọjà ìtàdógún kan kì í kọjá kó má lọ. Kò sí ẹni tí ì bá gbé orúkọ rẹ̀ dé Bàhíà.

Nítorí náà mi ò ní fi ọ̀nà náà sílẹ̀, mo kàn fẹ́ la òmíràn mọ́ ọn. Ní oṣù Karùn-ún yìí kan náà ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdáhùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ sókè èsì ìwádìí fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ojú-ewé wa lórí bí a ṣe ń tọ́jú aṣọ òkè ló ń mú èèyàn wọlé jù. Bí wọ́n bá ti rí ìdáhùn kà lókè, kí ni yóò tún mú wọn wọlé wá wo aṣọ? Láti oṣù Kẹsàn-án ni mo ti ń gba nọ́ńbà WhatsApp lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá rajà, mo sì ń béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n ń ṣe ìnáwó fún.

Bàbá Ìsẹ́yìn, ẹ ṣeun. Ẹ fún mi ní sányán láwìn nígbà tí òwú wọ́n bí ojú. Òfì kan ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìwé Màmá wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ìwé ọmọ iléèwé tí àwa ọmọ rẹ̀ máa ń bá a kọ orúkọ oníbàárà sí. Nọ́ńbà 46 ló wà nínú rẹ̀. Mo ti pe 19, nọ́ńbà Màmá ni mo sì fi ń pè. Ìyá kan n'Íjẹ̀bú-Òde gbé e, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀: "Ìyá Òjé, ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ ti pa mí tì." Ohùn wa jọra, gbogbo èèyàn ló máa ń sọ ọ́. Mo sọ fún un. Ó sunkún, a ò dárúkọ aṣọ rárá. Lọ́jọ́ kejì ó pè padà: àlàárì ló fẹ́, ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹrin, ó ní kí Bàbá Ìsẹ́yìn má fi òwú dídán sí i.

Ó ku nọ́ńbà 27.