Obìnrin Ló Ń Sọ̀rọ̀, Obìnrin Ló Ń Gé E

Ọjọ́rú, alẹ́

Bí mo bá ń gbọ́ pọ́díkáàsì, ìyẹn ètò ohùn orí ayélujára tí èèyàn lè gbọ́ nígbà tó bá wù ú, tí àwọn obìnrin ń ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń tẹ́tí sí ni bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ara wọn sọ̀rọ̀ tán. Ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, á yà lọ sọ́jà, á dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ, á tún padà sórí ohun tó ń sọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé àkókò ti tán. Lórí rédíò tí a fi dàgbà n'Íbàdàn, aago ló ń darí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ètò tirẹ̀ á ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́, á wá onígbọ̀wọ́, ìpolówó á sì já wọlé gẹ́lẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Mi ò bú rédíò o. Òun ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń jókòó gbọ́ ẹni tí kò rí.

Láti àná ni ọ̀rọ̀ Màmá Àníkẹ́ Agbájé-Williams ti ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí WNTV, tẹlifíṣàn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní October 31, 1959, ojú wọn ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ rí. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí rẹ̀. Ohùn obìnrin kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí afẹ́fẹ́ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìjọba ni, ọ̀gá ló sì ń sọ ohun tí wọ́n máa kà àti ìgbà tí wọ́n máa dákẹ́. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ náà ló tún ń gé ọ̀rọ̀ ọ̀hún, òun ló ń pinnu ohun tó máa jáde.

Feyikemi Abudu, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí FK, àti Jola Ayeye bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ékòó ní 2017 lórí pọ́díkáàsì wọn, I Said What I Said. Ọ̀rẹ́ méjì ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, owó, ọkùnrin, àti ìlú tó le koko yìí, bí ìgbà tí ẹ bá wọn ní yàrá. Ní October 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, FK wà lára àwọn obìnrin Feminist Coalition tó ń gba owó jọ fún oúnjẹ, ìtọ́jú àwọn tó fara pa àti àwọn agbẹjọ́rò. Èrò tèmi ni pé àwọn tó fi owó ránṣẹ́ láìbẹ̀rù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti mọ ohùn rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Ní London, Tolani Shoneye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ The Receipts ní 2016, ẹ̀rín ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀ dáadáa. Ní Nairobi, Adelle Onyango fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ Legally Clueless ní 2019, ó sì ya ibìkan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn èèyàn lásán láti fẹnu ara wọn sọ ìtàn ara wọn. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ, ìyá mi kò sì lè gbádùn ọ̀kankan nínú wọn. Nítorí ẹ̀ ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe tiwa lédè Yorùbá. A kì í jẹ́ kó wúwo: ìṣẹ́jú 30, bíi MB 14 ni, kó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwọn ìyá tó ń gbọ́ wa kò ní áàpù kankan fún pọ́díkáàsì, dátà sì ti wọ́n jù.

Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni mo ń gé ohùn rẹ̀ lónìí. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn la ti gbà á. Aṣọ kún ibẹ̀ dé òrùlé, kò sì síbi tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún ohùn, torí aṣọ máa ń gbé ohùn mì, kò ní jẹ́ kó dún padà. A pa fáànù, òógùn bò wá. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni kò gbà kí á pa òun. Nígbà tí mo wá fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo rẹ̀, ó bá a gbé ìparí ọ̀rọ̀ màmá lọ. Ibi tí ohùn wọn ti rọra lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí jẹnẹrétọ̀ máa dún, kí á ṣáà gbọ́ wọn.

Ibi tó le ni ibi tí wọ́n ti sọ bí ọkọ wọn ṣe ná owó òwò wọn tán nígbà kan. Ẹni tó bá fẹ́ òkìkí á gé ìyẹn nìkan, á sọ ọ́ sí ojú ayélujára, kó tó dalẹ́ wọ́n á ti bú màmá, wọ́n á ti bú bàbá. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é fún àwọn obìnrin tó ń ṣe pọ́díkáàsì: gbólóhùn kan ṣoṣo, láìsí ohun tó ṣáájú rẹ̀, èébú á sì gba ọ̀sẹ̀ kan. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Mo pè wọ́n lọ́sàn-án.

“Màmá, ẹ kú ọjà o. Ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ bàbá àti owó yẹn, ṣé kí n yọ ọ́ ni?”

“Ta ló máa gbọ́ ọ?”

“Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù ni, mà. Àwọn ọmọ yín náà.”

Wọ́n rò ó díẹ̀. “Fi í sílẹ̀. Yọ orúkọ rẹ̀ ní tiẹ̀, ìgbà ló le. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti sọ bí mo ṣe yá owó ra aró, tí mo sì tún bẹ̀rẹ̀, má fọwọ́ kàn án o.”

Mo ní mo gbọ́, mà. Mo yọ orúkọ náà níbi gbogbo tó ti jáde, mo sì fi èyí tí mo gé ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní nǹkan bí aago méje ni wọ́n pè mí padà. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ èmi nìkan ni mò ń béèrè. Àwọn náà ní ìbéèrè, ọ̀rẹ́ wọn tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn sì ní tirẹ̀. Wọ́n fẹ́ jókòó síwájú ara wọn kí wọ́n máa bi ara wọn, kí n kàn máa ṣọ́ ẹ̀rọ.

Sátidé tó ń bọ̀ ni, tí ọjà bá ti tú. Mo gbọ́dọ̀ wá máìkì kan sí i, torí ohùn ọ̀rẹ́ wọn yẹn ga gan-an, a ní láti jẹ́ kó jókòó jìnnà díẹ̀.