Ibi Tá A Máa Sùn Ni Mo Kọ́kọ́ Ń Wá Báyìí

Mo já ewé mẹ́ta láàárín nóòtù búùkù ọmọ mi, ibẹ̀ ni gbogbo ìrìn àjò ìsinmi wa wà. Ewé kan fún ibi tá a máa sùn, ọ̀kan fún owó, ẹ̀kẹta fún orúkọ àwọn ẹbí tó máa bínú tá a bá kọjá níwájú ilé wọn láì yà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ewé kẹta yẹn ló le jù, mo máa débẹ̀.

Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí là ń gbé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó ẹ̀ pè láti Èkó pé ariwo ti sú àwọn, àwọn ń bọ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ká jọ wa mọ́tò kiri, ká rí òkè, ká rí odò, ká dé erékùṣù Jẹ́bà, ká padà wá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Lọ́kọ́jà. Inú wa dùn gan. A jókòó, a kọ gbogbo ibi tá a fẹ́ rí sílẹ̀, ó kún ewé kan fọ́fọ́, ìgbà tó wá kan ibi tá a máa sùn, ọkọ mi ní "ibi tílẹ̀ bá ṣú wa sí náà ni." Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀nà wa lóde òní, ṣe ló yẹ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Aago mẹ́jọ la fẹ́ kúrò ní Kàbà, aago mọ́kànlá la kúrò, torí àkàrà, torí ẹnì kan gbàgbé ṣájà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. A gba Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, a bọ́ sí ilẹ̀ Kwara, a yà sí Ẹ̀sìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta wọn. Ibẹ̀ ni mùsíọ́mù tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, 1945 ni. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi fẹ́ wo ojú ère kọ̀ọ̀kan, mi ò dá a lẹ́bi, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, òmíràn jókòó sórí àpótí, òmíràn kọlà sójú, òmíràn di irun tí irun orí tèmi ò lè dì láé. Ìgbà tá a fi máa rí Ìlọrin, oòrùn ti ń wọ̀. Mo ní ká sùn síbẹ̀. Ọkọ mi ní a ti sanwó yàrá méjì sílẹ̀ ní Jẹ́bà, pé Google ní kò tó wákàtí méjì mọ́. Google ò mọ tírélà. Tírélà tó gbé ẹrù ń bọ̀ láti òkè Ọya, tírélà tó ń lọ, èyí tó bàjẹ́ sáàárín títì tí wọ́n já ewé sẹ́yìn ẹ̀, àwa la tò sẹ́yìn wọn nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò mọ́, àwọn ọmọ gan-an dákẹ́.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà òtẹ́ẹ̀lì tá a sanwó sí ń jẹ ẹ̀pà, kò dìde. Ó ń fi àtàǹpàkò bó ẹ̀pà, ó ń fẹ́ èèpo ẹ̀ sórí ìwé tí orúkọ wa wà, ó ní àwọn tó wá ṣègbéyàwó ti gba yàrá wa, yàrá kan ló ṣẹ́ kù. "Ẹ ò tètè dé ni mà." Àwa obìnrin àtàwọn ọmọ wọ yàrá kan yẹn, àwọn ọkùnrin sùn sínú mọ́tò. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ ní aago méjìlá, fáànù dúró, ẹ̀fọn gbàjọba. Owó yàrá kejì, títí dòní a ò rí i gbà.

Ilẹ̀ mọ́, mo jáde síta, mo rí Odò Ọya. Kí n má purọ́, inú tó ń bí mi rọ̀ díẹ̀. Kùrukùru ṣì wà lójú omi, àwọn apẹja Núpé ti wà nínú ọkọ̀ wọn, àpáta tí wọ́n ń pè ní Ketsa dá dúró sínú omi bí ẹni tó ń wo gbogbo wa. Erékùṣù Jẹ́bà wà láàárín odò níbi tí omi ti pín sí méjì, ẹ máa gun bíríìjì kan kẹ́ ẹ tó dé orí ẹ̀, ẹ tún máa gun òmíràn kẹ́ ẹ tó bọ́ sí òdìkejì. Bíríìjì rélùwéè ibẹ̀ ti wà láti 1916. Òpó ìrántí kan wà tí wọ́n mọ fún Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó wá wo ibi tí odò ń ṣàn lọ. Àwọn Núpé ní ìtàn tiwọn nípa Tsoede, akọni tí wọ́n ní ó dá ìjọba wọn sílẹ̀, tó gbé àwọn ère bàbà gba ojú omi wá, ìtàn yẹn dùn ju ti òpó lọ lójú tèmi. Àmọ́ ṣé a jẹ̀gbádùn ẹ̀? Rárá. Oorun ń kùn wá, àwọn ọmọ ń sunkún, ọkọ mi ń fọwọ́ di ẹ̀yìn mú. Kò tó wákàtí méjì tá a fi kúrò. Odindi ọjọ́ kan la fi wá erékùṣù, òògbé la fi wò ó.

Àtìgbà yẹn ni mo ti gba ìṣètò lọ́wọ́ ọkọ mi. Ibi tá a máa sùn ni mo kọ́kọ́ ń kọ, ibi tá a fẹ́ rí á wá bọ́ sáàárín ẹ̀, èyí tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ó dìgbà míì. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹrù wa ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ yàrá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ọ̀nà wa mọ ìdí ẹ̀, mi ò ní tẹnu bọ ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé lónìí. Iye wákàtí tí Google bá sọ, mo ń fi ìdajì lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ tá a bá ń lọ, ọkọ mi á kọ́kọ́ rìn dé gáráàjì, á béèrè lọ́wọ́ àwọn dírẹ́bà tó ti ibẹ̀ dé lánàá pé ọ̀nà ńkọ́, torí wọ́n mọ ju rédíò lọ. Yàrá náà, mi ò ń sanwó tán ṣáájú mọ́, díẹ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́, mo sì ń pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo tún ń pè láàárọ̀, kí orúkọ mi lè sú wọn.

Ó wá ku ewé kẹta.

Lọ́dún tó kọjá a tún gbìyànjú, àwa nìkan, kò sí ará Èkó níbẹ̀. Mo gba yàrá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, yàrá tó mọ́ tónítóní, omi ń yọ nínú ẹ̀rọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà ọmọ ni ọ̀kadà kan dúró síta, Màmá Ẹ̀gbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, ló sọ̀ kalẹ̀, kúlà iyán lórí itan, ìborùn ti fẹ́ẹ̀ já bọ́. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i bá a ṣe ń kíra wa, "Òkun o, Mà." Kò dáhùn. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo fáànù, ó ní "Ṣé mo ti kú ni?" Ọkọ mi ti ń kó ẹrù padà sínú búùtù kó tó sọ ẹ̀kejì.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ará Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Kogí, ò lè sanwó òtẹ́ẹ̀lì nílùú tí ẹbí ẹ̀ bá wà kó má jẹ ẹ̀bi. Torí ẹ̀, ìlú tí ẹbí bá wà, mo ti kà á mọ́ ibùsùn, bá a fẹ́ bá a kọ̀. Mo sì ti mọ ohun tó ń ná wa. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ní aago méjì ọ̀sán torí wọ́n máa pa adìẹ, kẹ́ ẹ sì gbà pé lọ́jọ́ kejì ẹ ò lè kúrò kó tó di aago mẹ́wàá, torí àdúrà, torí iṣu tí wọ́n ń rọ́ sínú búùtù, torí ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lóko tó gbọ́dọ̀ rí ọmọ kẹ́ ẹ tó lọ. Owó yàrá tẹ́ ẹ rò pé ẹ ò ná, ẹ ti fi ra bùrẹ́dì, páàlì indomie àti aṣọ kan. Kò pọ̀ jù. Oorun tí mo sùn nílé Màmá lọ́jọ́ yẹn, lórí ẹní, kò sírú ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kankan.

Ti ọdún yìí rèé, àwọn ará Èkó tún ń bọ̀ ní January. Ọjọ́ kìíní, a jí lọ sí Ògìdì láàárọ̀, kò jìnnà sí wa, kí wọ́n rí àwọn àpáta ńláńlá yẹn kí oòrùn tó mú, kí wọ́n wọ ibi iṣẹ́ ọnà tí Nike Okundaye, oníṣẹ́ àdìrẹ tó lókìkí yẹn, dá sílẹ̀ nílùú ẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ń béèrè aṣọ ìpó, aṣọ pupa tí wọ́n ń hun ní Bùnú fún òkú àgbà, mo ti kìlọ̀ fún un pé ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà láti fi rán gáùn. Látibẹ̀ ó di ilé Màmá Ẹ̀gbẹ̀. Ọjọ́ kejì, Ẹ̀sìẹ́, wákàtí méjì péré, mo máa mú aago dání, ká sùn Ìlọrin. Ọjọ́ kẹta la máa lọ sí Jẹ́bà ká sì padà wá sùn Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti yọ ibùsùn Jẹ́bà kúrò pátápátá. A ò ní gbé ẹrù, a ò ní wá yàrá, aago mẹ́fà àárọ̀ la máa jáde kí tírélà tó pọ̀, erékùṣù la máa wò pẹ̀lú ojú tó sùn dáadáa.

Ọjọ́ kẹrin ló dá ìjà sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé Kàbà la máa sùn, nílé wa. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi pè, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn náà ni ìsinmi?" Mo ní ìsinmi tó jùyẹn lọ ò sí, màá fọ aṣọ, màá wẹ̀ nínú bálùwẹ̀ tí mo mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀, màá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kò tíì gbà, ó máa gbà.

Ọjọ́ karùn-ún, Lọ́kọ́jà, a gba Obajánà, kò tó 100 kìlómítà, a ò ní sáré. Ibẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ ká sùn sí láì ní ẹbí, ìdí ni pé Òkè Patti dùn láàárọ̀ kùtù. Òkè yẹn ga tó nǹkan bíi 458 mítà, ilé ìsinmi Lugard, gómìnà òyìnbó ayé àtijọ́, wà lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ ẹ máa rí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ẹ máa rí i pé àwọ̀ omi méjèèjì ò jọra. Gáìdì tó mú wa gòkè nígbà kan ní ibẹ̀ ni Flora Shaw, obìnrin oníròyìn òyìnbó kan, dúró sí tó wo odò tó sọ wá ní Nàìjíríà. Àmọ́ orúkọ yẹn ti jáde nínú ìwé ìròyìn ní London ní 1897, ọdún márùn-ún kó tó fẹ́ Lugard. Mi ò bá gáìdì jiyàn, bàbá àgbà ni.

Ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀ tá a bá sọ̀ kalẹ̀. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ omi á ti fà, iyanrìn á ti yọ láàárín odò bí erékùṣù kéékèèké, wọ́n lè gbé yín sọ̀ sórí ẹ̀ káwọn ọmọ sáré. Ẹ má dán an wò ní September tàbí October o, ẹ rántí omíyalé 2012 àti ti 2022, mọ́tò gan-an ò rọ́nà gbà ní Lọ́kọ́jà. Mo ti ní kí wọ́n ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ wá láti Èkó, èyí tí mo rí létí omi nígbà yẹn, àgbà ni wọ́n rán an fún.

Mo rò pé mo ti parí. Lánàá ni fóònù dún, Màmá Ìsánlú, àbúrò Màmá Ẹ̀gbẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé a máa gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá lọ sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kò burú, pé òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ti ra ewúrẹ́.

Mo ń wá kílínà báyìí, pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́ ṣá.